Má Jẹ Nǹkan Kan Lẹ́yìn Ọ̀gànjọ́

Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé,
Abọ́sẹ̀dé kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì
bí ẹni ń ka ìwé gbèsè:
má jẹ nǹkan kan lẹ́yìn ọ̀gànjọ́,
mu omi, má fi ṣúgà sí i,
má wọ irin, má wọ wúrà,
mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dání,
mú owó dání.
Ti owó yẹn ni wọ́n kọ gàdàgbà.

Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá
ni wọ́n ti yọ ìju nínú mi.
Wọ́n ní ojú ọgbẹ́ á jiná kí àgbàdo tó yọmọ.
Àgbàdo yọmọ, a sè é, a jẹ ẹ́, a da ṣùkù rẹ̀ nù,
ojú kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìdodo mi
kò tíì dijú sùn.
Ó kéré. Ìka ọmọdé ló lè wọ̀ ọ́.
Láràárọ̀ ló ń sunkún díẹ̀ sára òwú.

Nọ́ọ̀sì Fẹlisitẹ́ tó ń wẹ̀ ẹ́ fún mi
kì í purọ́, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀.
Ó ní, "Ìyá, òkè ń jiná, ìsàlẹ̀ ò gbọ́.
Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàwòrán inú yín l'Ájàṣẹ́,
ká mọ ohun tó jókòó síbẹ̀."
Ohun tó jókòó síbẹ̀!
Láti ọjọ́ náà ni èmi ò ti lè jókòó dáadáa.

Mo ti kó ìgò epo mi wọlé láti etí títì,
ńlá méjì, kékeré mẹ́rìnlá, àti àrọ.
Mo fọṣẹ fọwọ́ títí,
òórùn bẹntiróòlù ò kúrò ní èékánná.
Kí ẹ̀rọ wọn má lọ rò pé alùpùpù ni wọ́n tì wọlé.

Wúrà kò sí. Òrùka ló kù.
Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà níka yìí,
ẹni tó fi sí i ti sùn ní Ìlárá, lábẹ́ igi òroǹbó bàbá rẹ̀.
Ọṣẹ kò ràn án. Òróró kò ràn án.
Salamátù aránṣọ ló mú òwú dúdú wá,
ó ki ṣónṣó rẹ̀ sábẹ́ òrùka,
ó wé ìyókù mọ́ ìka mi, pinpin,
ó wá ń tú u láti ìdí,
òrùka ń gun òwú bọ̀ bí ìgbín.
Ojú ibẹ̀ funfun. Mo wò ó, mo wò ó.
Mo ní, "Salamátù, ṣé òwú tiwọn ò mọṣẹ́ tó tìrẹ ni?"
Ó ní, "Òwú wọn mọṣẹ́. Aṣọ ló ṣì ń rò ó."
A rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo kọjá lẹ́nu Àkábà Ìdẹ̀nà.
Àwọn àgbà máa ń sọ fún wa lọ́mọdé
pé láyé ọjọ́un kò sẹ́ni tí í ti ilẹ̀kùn náà,
òun fúnra rẹ̀ ní í ti ara rẹ̀ lálẹ́.
Mo fọwọ́ lé ikùn. Ó gbóná díẹ̀.
Mo ní: ṣé o gbọ́?

Abọ́sẹ̀dé gbé àkàsà àti ẹja wá,
"Ẹ jẹun, aago mọ́kànlá ti lù."
Ebi ò pa mí. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni ń san gbèsè.
Lámídì á gbé mi dé ibùdókọ̀ láago mẹ́rin,
ó ní òun á yẹra fún gbogbo kòtò.
Mo mọ iye kòtò ọ̀nà yẹn.

Mo so òrùka sétí ìró ọmọ mi.
Ó ní, "Ṣé kí n wọ̀ ọ́?"
Rárá o. Ṣáà máa fọwọ́ kàn án.

Omi kọ́ọ̀bù kan ló kù lórí àpótí.
Abọ́sẹ̀dé ti ń hanrun.
Èmi àti ojú ìsàlẹ̀ yìí,
àwa méjèèjì la lajú sílẹ̀,
à ń fetí sílẹ̀ de alùpùpù Lámídì.